Òfin Ọ̀ràn Dídá àti Àjùmọ̀ṣe Ilé-Ẹjọ́ Láàrin Nàìjíríà àti Orílẹ̀-Èdè Bẹ̀nẹ̀

1. Ìfáàrà

Ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ sí Àgbádárìgì gba Ọ̀jọ́ àti Òkòkòmáìkò kọjá. Ìbà kò sì jìnnà sí i. Láti Ọ̀jọ́ dé ibodè Sẹ̀mẹ̀ kò pé ọgọ́ta kìlómítà. À ń gbọ́ Yorùbá àti Ègùn ní ìhà méjèèjì ibodè náà, ẹbí kan náà sì lè ní ilé ní Àgbádárìgì kí ó tún ní ilé ní Àjàṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jí ọkọ̀ gbé ní Òkòkòmáìkò lóru, tí ọkọ̀ náà sì kọjá Sẹ̀mẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ọlọ́pàá Nàìjíríà tí ó ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ kò ní àṣẹ láti mú ẹnikẹ́ni ní ìhà kejì.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé kì í ṣe àìsí àdéhùn ni ó fa ìṣòro yìí. Àdéhùn wà. Ìlànà òfin méjì tí kò jọ ara wọn ni àdéhùn náà ń gbìyànjú láti so pọ̀, a kò sì lè lò ó dáadáa láìmọ ìlànà méjèèjì.

2. Ibi tí ìlànà méjèèjì ti yà

Àdéhùn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ṣe ní 1889 ni ó la ààlà sí agbègbè yìí. Nàìjíríà jogún òfin Gẹ̀ẹ́sì. Dàhòmì, tí ó di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975, jogún ti Faransé. Ní Nàìjíríà, ọlọ́pàá ni ó ń ṣe ìwádìí, ẹlẹ́rìí a sì fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́, kí agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ lè fi ìbéèrè dán ẹ̀rí rẹ̀ wò. Ní Bẹ̀nẹ̀, bí ọ̀ràn bá wúwo, adájọ́ aṣèwádìí ni ó ń gba ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀ sínú fáìlì, fáìlì yìí sì ni ìgbẹ́jọ́ gbára lé.

Yorùbá ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Ìlànà méjèèjì gba èyí gbọ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbọ́ tẹnu ẹnìkejì ni ó yàtọ̀. Nítorí náà, bí ẹlẹ́rìí kan bá sọ tẹnu rẹ̀ fún adájọ́ aṣèwádìí ní Kútọnu, ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí kò lè di ẹ̀rí ní ilé-ẹjọ́ Èkó bẹ́ẹ̀ gbẹrẹfu. Wọn yóò túmọ̀ rẹ̀ láti èdè Faransé, wọn yóò sì bèèrè ìdí tí ẹni tí ó sọ ọ́ kò fi wá fúnra rẹ̀.

3. Àwọn àdéhùn

Fífa afurasí lélẹ̀ ni kí orílẹ̀-èdè kan mú ẹni tí ó sá wá sí ilẹ̀ rẹ̀, kí ó sì fi í lé orílẹ̀-èdè tí ó fẹ̀sùn kàn án lọ́wọ́. Lórí èyí, Bẹ̀nẹ̀, Gánà, Nàìjíríà àti Tógò tọwọ́ bọ àdéhùn ní Èkó ní oṣù kejìlá 1984. Àjọ ECOWAS ṣe àdéhùn tirẹ̀ lórí ìrànlọ́wọ́ nínú ẹjọ́ ọ̀ràn dídá ní 1992, ó sì ṣe òmíràn lórí fífa afurasí lélẹ̀ ní 1994.

Àdéhùn ti 1994 ní àwọn gbèdéke pàtàkì. Ìwà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní ilẹ̀ méjèèjì, kí ìjìyà rẹ̀ sì tó ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. A kì í fa ènìyàn lélẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ òṣèlú. Kò pọn dandan kí orílẹ̀-èdè kan fa ọmọ onílẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ní Nàìjíríà, lábẹ́ òfin ti 1966, ọ̀dọ̀ Agbẹjọ́rò Àgbà Ìjọba Àpapọ̀ ni ìbéèrè orílẹ̀-èdè mìíràn ń gbà. Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ni ó sì ní àṣẹ lórí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lónìí. Ọlọ́pàá ibodè méjì kò lè parí rẹ̀ láàrin ara wọn.

4. Àpẹẹrẹ méjì

Ní oṣù kẹjọ 2003, Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ pẹ̀lú Bẹ̀nẹ̀. Ẹ̀sùn ìjọba ni pé Hamani Tidjani, tí ó ń gbé ní Kútọnu, ni ó ń darí àwọn adigunjalè tí ń kó ọkọ̀ Nàìjíríà kọjá ibodè. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, Ààrẹ Ọbásanjọ́ àti Ààrẹ Kérékou pàdé ní Àgbádárìgì, ibodè sì tún ṣí. Málì ni wọ́n ti mú Tidjani lẹ́yìn náà, ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn aláṣẹ Nàìjíríà lọ́dún kan náà. Ìfúngun mọ́ ni ó mú ọ̀ràn yìí yá, bẹ́ẹ̀ sì ni ibodè títì kì í mọ olè yàtọ̀ sí oníṣòwò.

Ní oṣù keje 2021, wọ́n mú Sunday Adéyẹmọ, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Sunday Ìgbòho, ní pápákọ̀ òfurufú Kútọnu. Nàìjíríà ń wá a nígbà náà, ṣùgbọ́n wọn kò fà á lélẹ̀. Iwájú ilé-ẹjọ́ Bẹ̀nẹ̀ ni ọ̀ràn rẹ̀ lọ, ó sì kúrò ní àtìmọ́lé ní oṣù kẹta 2022. Èrò àwọn ènìyàn nípa rẹ̀ yàtọ̀ síra. Síbẹ̀, ó hàn gbangba pé mímú ènìyàn ní ilẹ̀ kan kò túmọ̀ sí fífà á lé ilẹ̀ kejì lọ́wọ́.

5. Ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ikú

Ibí yìí ni ó le jù. Ikú ni òfin Nàìjíríà kà sílẹ̀ fún ìdigunjalè. Ní Bẹ̀nẹ̀, Ilé-Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ fòpin sí ìdájọ́ ikú ní 2016, ìwé òfin ọ̀ràn dídá tuntun ti 2018 sì yọ ọ́ kúrò. Àdéhùn 1994 sì fún orílẹ̀-èdè tí kò ní ìdájọ́ ikú fún ẹ̀ṣẹ̀ náà ní àyè láti kọ̀.

Bí ẹni tí ó digun jalè ní Ìbà bá sá dé Kútọnu, ọ̀nà méjì ni ó kù: kí Nàìjíríà ṣèlérí pé wọn kò ní pa á, tàbí kí Bẹ̀nẹ̀ bá a ṣẹjọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìbà ni ẹni tí wọ́n jà lólè wà, ibẹ̀ náà ni àwọn ẹlẹ́rìí wà. Láìsí ìrànlọ́wọ́ láti gba ẹ̀rí wọn ránṣẹ́, ẹjọ́ náà lè fọ́, afurasí a sì lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Irú ìrànlọ́wọ́ yìí ni Nàìjíríà ṣe òfin lé lórí ní 2019.

6. Àgbálọgbábọ̀

Láti 1983 ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ti wà ní Ọ̀jọ́, ó sì ní ẹ̀ka ìmọ̀ òfin. Ibodè tí ó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó hàn nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀: ìlànà ẹjọ́ ọ̀ràn dídá ti Bẹ̀nẹ̀, èdè Faransé ilé-ẹjọ́, àti bí a ṣe ń kọ ìwé ìbéèrè tí adájọ́ ilẹ̀ mìíràn kò ní dá padà. Èdè Yorùbá àti Ègùn tí ó so ìhà méjèèjì pọ̀ yóò tún wúlò fún ògbufọ̀ àti fún ẹlẹ́rìí.

Ẹni méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn: ẹni tí wọ́n jà lólè, àti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn tí kò tíì jẹ̀bi. Bí òfin bá falẹ̀ jù, ti ẹni àkọ́kọ́ gbé. Bí wọ́n bá fo òfin dá, ti ẹnìkejì gbé. Ìmọ̀ òfin ilẹ̀ méjèèjì ni ó lè dáàbò bo àwọn méjèèjì pọ̀.