Ìmìtìtì Aṣíwájú àti Ìmìtìtì Àtẹ̀lé

Ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá kì í sábà dá wá. Òun fúnra rẹ̀ ni olórí ìmìtìtì. Èyí tí ó bá ṣáájú rẹ̀ ní agbègbè kan náà ni ìmìtìtì aṣíwájú, àwọn tí ó bá sì tẹ̀ lé e ni ìmìtìtì àtẹ̀lé.

Atúmọ̀ tí ó bá pe aṣíwájú ní ‘ìmìtìtì ìkìlọ̀’ yóò ṣi òǹkàwé lọ́nà, nítorí kò sí àmì tí a fi lè dá a mọ̀ dájú nígbà tí ó bá ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, ọdún 2011, ilẹ̀ abẹ́ òkun mì ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Japan. Ìwọ̀n agbára rẹ̀ jẹ́ 7.3. Òun ni ìbá jẹ́ olórí, bí kì í bá ṣe ti ọjọ́ 11, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 9.0. Èyí tí ó dé lẹ́yìn ni ó sọ ọ́ di aṣíwájú.

Àtẹ̀lé ní ìlànà tirẹ̀. Ní ọdún 1894, Fusakichi Omori, onímọ̀ ará Japan, fi hàn pé iye wọn ń dín kù bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́: bí 100 bá ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, nǹkan bí 10 ni yóò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá. Iye ni ó ń dín kù. Èyí tí ó lágbára ṣì lè wà nínú wọn. Bí a bá wá pè wọ́n ní ‘ìmìtìtì kékeré’, ẹnìkan lè tìtorí rẹ̀ padà sínú ilé tí ògiri rẹ̀ ti sán.

Ipò nínú ọ̀wọ́ ni kí orúkọ tọ́ka sí.