Àṣírí Yín Ni Ó Wà Nínú Káàdì Ilé-Ìwòsàn

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ aboyún kan ṣe àpẹẹrẹ. Ajégúnlẹ̀ ni ó ń gbé, nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí gbogbo ayálégbé sì jọ ń lo ilé-ìdáná kan. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, bí ẹni yàrá kìíní bá wúkọ́, ẹni yàrá kẹwàá ni yóò kí i pé, "Pẹ̀lẹ́ o." Ìfẹ́ ni èyí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ tàn kálẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí aboyún yìí lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú oyún, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ó ní kòkòrò HIV. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé ìtọ́jú fún un. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń jáde, ó rí i pé akọ́wé tí ń kó káàdì ń gbé ní òpópónà kan náà pẹ̀lú òun. Àyà rẹ̀ já. Ó pinnu pé òun kò ní padà síbẹ̀ mọ́.

Ọmọ inú rẹ̀ ni ìpinnu yìí lè pa lára. Bí ìyá kò bá gba ìtọ́jú, nínú 100 ọmọ, àwọn tí yóò kó kòkòrò náà láti inú oyún, nígbà ìbí tàbí nínú ọmú lè tó 15 sí 45. Bí ìyá bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, wọn kì í tó 5. Nítorí náà, pípa àṣírí aláìsàn mọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ohun Tí Òfin Sọ

Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ọdún 2014, pa á láṣẹ pé kí ilé-ìwòsàn ní àkọsílẹ̀ fún olúkúlùkù ẹni tí ó ń tọ́jú, kí ó sì tọ́jú àkọsílẹ̀ náà. Àìsàn tí ó ń ṣe yín, ìtọ́jú tí ẹ gbà, àní dídùbúlẹ̀ yín ní ilé-ìwòsàn pàápàá, àṣírí ni gbogbo rẹ̀.

Ta ni ó lè rí i? Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí iṣẹ́ wọn kan ìtọ́jú yín ni. Ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ gbọ́ àyàfi bí ẹ bá fi ọwọ́ sí ìwé pé ẹ gbà, tàbí bí ilé-ẹjọ́ tàbí òfin bá béèrè fún un. Òbí tàbí alágbàtọ́ lè béèrè ti ọmọdé. Aṣojú ẹni tí àìsàn kò jẹ́ kí ó lè sọ̀rọ̀ sì lè béèrè tirẹ̀. Bákan náà ni àrùn tí ó lè ṣe ìpalára fún gbogbo ìlú, bí onígbáméjì. Àwọn aláṣẹ ìlera ni a ń fi irú èyí tó létí, kì í ṣe àwọn ará àdúgbò.

Onílé yín kò sí nínú wọn. Ìyá ọkọ kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá ibi-iṣẹ́ ní èbúté Àpápá kò sí níbẹ̀. Ọkọ pàápàá kò lè gba fáìlì ìyàwó rẹ̀ kí ó máa kà á láìjẹ́ pé ìyàwó gbà. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí tọkọtaya máa fi àìsàn pamọ́ fún ara wọn. Ó dára kí ọkọ mọ̀, kí òun náà lè ṣe àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ẹnu ìyàwó ni ó ti yẹ kí ó gbọ́ ọ, nọ́ọ̀sì sì lè bá a wá ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́.

Ẹni tí ó bá wo fáìlì tí kò ní àṣẹ láti wò, tí ó yí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ padà, tàbí tí ó bà á jẹ́, lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 2 lọ, tàbí kí ó san ₦250,000, tàbí kí ó rí méjèèjì he. Alábòójútó tí kò bá ṣètò ààbò fún àwọn fáìlì náà kò bọ́ nínú ìyà yìí.

Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ti ọdún 2023 fi kún un pé a kò gbọ́dọ̀ tọ́jú ìsọfúnni nípa ènìyàn kọjá ìgbà tí ìdí tí a fi gbà á bá ṣì wà. Bí àsìkò bá sì tó láti kó fáìlì àtijọ́ dànù, kò gbọ́dọ̀ di ìwé tí a fi ń pọ́n ẹ̀pà ní ọjà Boundary.

Ipa Tiyín

Káàdì kan wà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ìyá ni ó ń gbé. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley, tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ ètò káàdì ìdàgbàsókè ọmọ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó fi káàdì náà sí ọwọ́ àwọn ìyá. Ọ̀nà yìí tàn dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ẹ tọ́jú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ yín bí ẹ ti ń tọ́jú owó. Omi a máa ya wọ ilé ní Ajégúnlẹ̀. Ẹ fi í sínú ọ̀rá, kí ẹ sì gbé e sí ibi gíga. Bí ẹ bá ń kó lọ sí àdúgbò mìíràn, ẹ gba ìwé láti ilé-ìwòsàn tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀, kí dókítà tuntun lè mọ ibi tí a bá ìtọ́jú dé.

Bí ènìyàn bá pọ̀ níbi tí a ti ń gba káàdì, ẹ má ṣe sọ àìsàn yín sókè. Ẹ sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀." Bí àṣírí yín bá tú, òfin kan náà fún yín ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹjọ́ sùn, kí a sì wádìí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ alábòójútó ilé-ìwòsàn náà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

Ohun tí aboyún àpẹẹrẹ wa ì bá ṣe náà nìyí: kí ó padà lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà, kí ó sọ ẹ̀rù tí ń bà á, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀ láìjáfara. Ẹ̀yin ará ilé náà, bí ẹ bá rí káàdì aládùúgbò yín nílẹ̀, ẹ dá a padà fún un láì kà á. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́.