Kí Ni Ojú Yín Ń Rí Láti Fèrèsé Ọ́fíìsì?

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ wò. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì a máa jókòó fún nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Bí ó bá gbé ojú kúrò lórí ìwé, kí ni ó ń rí? Ṣé igi ni, tàbí ògiri? Ẹlòmíràn yóò ní, "Kí ló kàn mí níbẹ̀? Owó oṣù ni mo wá gbà." Ṣùgbọ́n ara kì í ṣe òkúta.

Ní 1984, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Roger Ulrich, sọ ohun tí ó rí nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn 46 tí a ṣe iṣẹ́ abẹ àpò òróòro fún ní ilé ìwòsàn kan ní Pennsylvania. Fèrèsé àwọn 23 kọjú sí igi. Ti àwọn 23 yòókù kọjú sí ògiri bíríkì. Àwọn tí ń wo igi tètè lọ sílé, wọn kò sì lo oògùn ìrora líle tó àwọn tí ń wo ògiri.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn, òṣìṣẹ́ ńkọ́? Ní 2003, Lisa Heschong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ní iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná kan ní Sacramento, California. Nínú àwọn tí ń dáhùn tẹlifóònù, àwọn tí ń rí ìta dáadáa yára ju àwọn tí kò rí nǹkan kan lọ, ní ìwọ̀n 6 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí kò rí ìta ni wọ́n sì ń ráhùn àárẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n níbi tí oòrùn ti ń ta sí wọn lójú, iṣẹ́ bàjẹ́ ni.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Iṣan ojú a máa le bí a bá ń wo ohun tí ó sún mọ́ wa. Bí a bá wo ọ̀nà jíjìn, ó dẹ̀. Ọkàn pẹ̀lú a máa sinmi díẹ̀ bí a bá ń wo ewé tí afẹ́fẹ́ ń mì.

Ní ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì a máa ti fèrèsé pa, wọn a fa kọ́tìnì bò ó, wọn a tún to fáìlì dí i. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má ṣe dá nìkan gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹ kó fáìlì kúrò, ẹ yí tábìlì padà kí oòrùn má ta sí ojú, kí ẹ sì gbin igi síta. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí ògiri dojú kọ, bí àkókò oúnjẹ bá tó, ẹ jáde lọ sábẹ́ igi.

Nítorí ilé ni àárẹ̀ ọ́fíìsì ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ìyàwó, ọkọ àti ọmọ ni yóò gbà á lálejò. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹ ṣí kọ́tìnì lọ́la.