Àwọn Ọmọbìnrin Tó Ń Gbá Kíríkẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ eré ìdárayá kì í sábà wọ inú ìwé ìròyìn ìdílé wa yìí, èmi gan-an kọ́ sì ló yẹ kí n kọ ọ́, nítorí mo jẹ gbèsè lórí ọ̀rọ̀ náà. N ó jẹ́wọ́ gbèsè náà ná kí n tó sọ ìtàn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹlòmíràn ni mo ń bá wí.

Ní ọdún 2001, nígbà tí mo ń ṣe pásítọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ní ìjọ kan níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ọmọ ọdún 16 ni ọmọbìnrin náà. Bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá ló ń gbá ní ilé-ìwé rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n gbá tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi yàn án pé kí ó lọ sí àgọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ohun méjì péré ni mo bi wọ́n: aṣọ wo ni wọn yóò wọ̀, àti níbo ni yóò ti jọ́sìn ní ọjọ́ Ìsinmi? Ìyá ní ṣòkòtò péńpé ni aṣọ náà. Mo ṣí Deutarónómì orí 22, mo ka ẹsẹ 5 sí wọn létí, mo pa Bíbélì dé. Ọmọ náà kò jiyàn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun, sà,” wọ́n sì lọ. Kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí tó fi jáde ilé-ìwé. Inú mi dùn nígbà náà pé mo ní àgùntàn tó ń gbọ́ ohùn olùṣọ́ rẹ̀.

Ní 2025, ọmọbìnrin àná yìí, tó ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, mú ọmọ tirẹ̀ wá bá mi. Ọmọ ọdún 13 ni. Kíríkẹ́ẹ̀tì ni ti ẹni yìí. Ó ti gbọ́ ohun tí àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà ṣe ní ilẹ̀ Malaysia, láti ìgbà náà ló sì ti ń fi pákó gbá bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì mọ́ ògiri, tí àwọn alájọgbé wọn kò fi rí oorun ọ̀sán sùn mọ́. Olùkọ́ kan ní ilé-ìwé rẹ̀ fẹ́ kó àwọn ọmọbìnrin jọ láti kọ́ wọn. Ìyá rẹ̀ kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó kàn jókòó, ó ń wò mí. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí mo rí kó jọ nínú ọ̀sẹ̀ méjì náà ni mo fẹ́ sọ fún yín.

IRÚ ERÉ WO NI?

Àwọn àgbà tó lọ sí ilé-ìwé girama ayé àtijọ́ mọ kíríkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ òde òní kò mọ̀ ju bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lọ. Ènìyàn 11 ló wà lápá kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ri igi mẹ́ta mọ́lẹ̀ níhìn-ín, wọ́n á ri mẹ́ta mọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún, yáàdì 22 sì ni àárín wọn. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù aláwọ tó le bí òkúta láti fi wó igi mẹ́ta náà. Ẹni tó dúró níwájú igi á fi pátákó ọwọ́ rẹ̀ gbá a dànù. Bí ó bá gbá a jìnnà, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ á sáré pààrọ̀ ipò, wọn á sì gba àmì kan fún ìsáré kọ̀ọ̀kan. Bí bọ́ọ̀lù bá yí dé etí pápá, àmì mẹ́rin ni. Bí ó bá fò ó kọjá láì kan ilẹ̀, mẹ́fà. Jíjù mẹ́fà ni wọ́n ń pè ní ófà kan. Nínú irú èyí tí àwọn obìnrin ń gbá jù lónìí, ófà 20 ni apá kọ̀ọ̀kan ní, ìyẹn ni pé wọn á ju bọ́ọ̀lù sí wọn nígbà 120. Apá tí àmì rẹ̀ bá pọ̀ jù ló borí.

Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé eré ọkùnrin ni, pé àwọn obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ já wọ inú rẹ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1745, ní pápá Gosden Common ní ẹkùn Surrey ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọge abúlé Bramley bá àwọn ti Hambledon gbá a. Aṣọ funfun ni gbogbo wọn wọ̀. Àwọn kan so rìbọ́ọ̀nù búlúù, àwọn kejì so pupa. Ọdún 1745! Ó ṣì ku ọdún 85 kí Ṣódẹkẹ́ tó kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ.

Ní ìparí ọdún 1934 ni àwọn obìnrin orílẹ̀-èdè méjì kọ́kọ́ pàdé nínú ìdíje ńlá. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá àwọn ti Australia ní ìlú Brisbane, wọ́n sì borí. Yẹ̀rì funfun tí wọ́n rán pín sí méjì lẹ́sẹ̀ ni wọ́n wọ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ gígùn. Nígbà tí àwọn ti Australia fẹ́ lọ san ìbẹ̀wò náà padà ní 1937, wọ́n kọ́kọ́ mú wọn tọwọ́ bọ ìwé òfin. Wọn kò gbọdọ̀ mu ọtí, wọn kò gbọdọ̀ mu sìgá, wọn kò gbọdọ̀ ta tẹ́tẹ́. Nínú ọkọ̀, wọn kò gbọdọ̀ gun òkè ọkọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, aago mẹ́wàá alẹ́ sì gbọ́dọ̀ bá wọn lórí ibùsùn. Nígbà tí mo ka èyí, ẹ̀rín pa mí. Àfi bí òfin ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì tí mo lọ! Aago mẹ́wàá ni wọ́n ń pa iná tiwa náà.

Ìdíje Ife Àgbáyé kíríkẹ́ẹ̀tì wá ńkọ́? Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ ṣe é, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1973. Ọdún 1975 ni ti àwọn ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀.

TIWA NÍ NÀÌJÍRÍÀ

Àwọn òyìnbó amúnisìn ló gbé eré náà dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1904, Èkó bá Gold Coast, tó wá di Ghana, gbá a ní ìlú Èkó. Ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ó wá di eré àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti ilé-ìwé girama. Ní 1976, Nàìjíríà, Ghana, Sierra Leone àti Gambia para pọ̀ bí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti wọ àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì àgbáyé. Ní 2002 ni Nàìjíríà tó dá dúró láyè ara rẹ̀.

Ti àwọn obìnrin pẹ́ kó tó dé. Oṣù Kìíní ọdún 2019 ni ẹgbẹ́ obìnrin Nàìjíríà kọ́kọ́ gbá irú ìdíje ófà 20 tí àjọ àgbáyé ń kọ sínú ìwé rẹ̀. Àwọn ará Rwanda ló wá bá wọn ní Abuja, wọ́n gbá a nígbà márùn-ún, Rwanda borí nínú mẹ́ta, tiwa borí nínú méjì. Ní 2022, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje tí wọ́n fi ń pe àwọn aládùúgbò wá sí pápá Tafawa Balewa Square ní Èkó: Ghana, Gambia, Sierra Leone àti Rwanda wá. Ibẹ̀ kan náà ni wọ́n ti sọ àsíá òyìnbó kalẹ̀ lóru ọjọ́ òmìnira ní 1960.

Ẹ kíyè sí Rwanda yìí. Orílẹ̀-èdè tí ẹ̀jẹ̀ ṣàn bí omi níbẹ̀ ní 1994. Nígbà tí wọ́n dá Ife Àgbáyé sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 19, ní South Africa ní 2023, àwọn ọmọ Rwanda wà níbẹ̀, wọ́n sì na Zimbabwe àti West Indies. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni tiwa dé, ní Malaysia, ní oṣù Kìíní ọdún 2025.

Ẹ gbọ́ orúkọ àwọn ọmọ náà. Lucky Piety ni balógun wọn. Ìfọkànsìn ni ìtumọ̀ Piety. Usen Peace wà níbẹ̀, Victory Igbinedion wà níbẹ̀, Anointed Akhigbe wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ka ìwé orúkọ wọn níwájú pẹpẹ wa, ẹ ó rò pé ẹgbẹ́ akọrin ni. Òjò kò jẹ́ kí wọ́n gbá èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ bá Samoa gbá. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 20 oṣù Kìíní, ní ìlú Kuching, wọ́n kojú New Zealand. Oṣù mẹ́ta péré ṣáájú ìgbà náà ni àwọn ẹ̀gbọ́n àwọn ọmọ New Zealand yìí gba Ife Àgbáyé àwọn àgbà obìnrin. Kò sẹ́ni tó fi ojú sí ara Nàìjíríà.

Òjò tún rọ̀. Wọ́n gé eré náà sí ófà 13. Tiwa ló kọ́kọ́ gbá, wọ́n sì kó àmì 65 jọ. Lillian Udeh kó 19 nínú rẹ̀, balógun kó 18. Àmì 65 kò tó nǹkan, ẹni tó mọ eré náà á sọ fún yín. Ṣùgbọ́n wọ́n fún New Zealand lọ́rùn díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku ófà kan, jíjù mẹ́fà, tí New Zealand sì nílò àmì mẹ́sàn-án. Ọwọ́ Lillian Udeh yìí náà ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù lé. Ó jù ú nígbà mẹ́fà, àmì mẹ́fà péré ni wọ́n rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. New Zealand, 63. Nàìjíríà fi àmì méjì borí.

Àwọn kan nínú ìjọ ní Ọlọ́run ló jà fún wa. N kò lè bá wọn jiyàn lórí ọpẹ́, ṣùgbọ́n mo rò pé àwọn ọmọ New Zealand náà ní ìyá tó ń gbàdúrà. Ohun tí mo rí ni àwọn ọmọ tí wọ́n fi ara balẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù yẹ kó bà wọ́n. South Africa na wọ́n lẹ́yìn náà, síbẹ̀ wọ́n wọ ìpele kejì pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè 11 tó kù.

AṢỌ ŃKỌ́?

Mo padà sínú Deutarónómì. N kò ní sọ pé ẹsẹ náà ti kú, nítorí Ìwé Mímọ́ kì í kú. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì ti kọ́ mi, mo sì ti gbàgbé, pé aṣọ gígùn ni tọkùnrin tobìnrin ń wọ̀ ní Ísírẹ́lì, àti pé kí ọkùnrin má fi ara rẹ̀ hàn bí obìnrin, kí obìnrin má fi ara rẹ̀ hàn bí ọkùnrin, ni òfin náà ń lé. Ẹni tó bá sì rí agbákíríkẹ́ẹ̀tì nínú ìmúra rẹ̀, pẹ̀lú akoto lórí, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, ohun tó fi bo ojúgun, ṣòkòtò tó balẹ̀, Éfésù orí 6 ni yóò kọ́kọ́ rántí. Mo ti rí léèsì tó fi ara sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlà iwájú ìjọ, n kò sì ka ẹsẹ kankan sí ẹnikẹ́ni létí.

Mo tún rántí àwọn ọmọbìnrin Selofehádì nínú Númérì orí 27, àwọn márùn-ún tó dúró níwájú Mósè pé kí wọ́n fún àwọn náà ní ìpín. Mósè kò dá wọn lóhùn láti inú orí ara rẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ síwájú Olúwa. Èmi ní 2001, n kò tilẹ̀ lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ Ẹ̀gbá ni mí, ní ìlú tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti jẹ́ ọmọbìnrin àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta Grammar School ní 1914, kí ó tó ṣáájú àwọn obìnrin lórí ọ̀rọ̀ owó orí!

Èyí tó dùn mí jù ni pé ìbéèrè tó yẹ kí n bèèrè ní 2001, n kò bèèrè rẹ̀. Mo bèèrè aṣọ. N kò bèèrè ta ni yóò máa sùn ti àwọn ọmọbìnrin náà ní àgọ́, ta ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá wọn, ta ni ọmọ lè fi ẹjọ́ sùn bí àgbàlagbà kan bá fẹ́ fi ọwọ́ pa á lára. Ẹ̀yin òbí, ibẹ̀ ni ewu wà, kì í ṣe nínú ṣòkòtò. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí Ìdíje Eré Ìdárayá Àpapọ̀ Orílẹ̀-èdè wá sí ìpínlẹ̀ wa, mo rí àwọn ọmọbìnrin láti ìpínlẹ̀ oríṣiríṣi ní Kútọ̀, àwọn mìíràn kò ju ọmọ ìyá yìí lọ. Mo ń wò yíká bóyá n ó rí àwọn ìyá. Wọn kò pọ̀.

Nítorí náà mo lọ bá olùkọ́ náà ní ilé-ìwé, mo sì bi í ní gbogbo rẹ̀. Ó dá mi lóhùn láìbínú. Olùkọ́bìnrin kan yóò máa wà pẹ̀lú wọn nígbà gbogbo. Sátidé ni wọn yóò máa ṣe é, tí ó bá sì di ọjọ́ Ìsinmi, ó di lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán. Owó ohun èlò ṣì jẹ́ ìṣòro, nítorí pátákó àti akoto kì í ṣe ohun tí gbogbo òbí lè rà. Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Rere ti ní àwọn yóò dá díẹ̀.

Mo ránṣẹ́ pe ìyá ọmọ náà. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀, nítorí iwájú ìyá tirẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Pásítọ̀, ó ti pẹ́, sà.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní òun fúnra òun ni yóò máa sin ọmọ náà lọ.

Sátidé tó kọjá mo gbé àpótí ìjókòó mi, mo lọ wò wọ́n. Ẹni tó yẹ kó ju bọ́ọ̀lù kò tètè dé. Ìyá náà bọ́ bàtà rẹ̀, ó fún gèlè mọ́rí, ó mú bọ́ọ̀lù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú sí ọmọ rẹ̀. Ó ń jù ú dáadáa. Nígbà kẹta, ó wó igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.