Ayò chess oníṣẹ́jú mẹ́ta lórí fóònù: Ẹ má jẹ́ kí ìbínú bá yín ta á

Ẹni tó bá mọ Mile 12 dáadáa mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi téèyàn ti ń rí àyè jókòó. Láti ìdájí ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó kó tòmátì, ata àti iṣu wá láti Òkè Ọya ti máa ń tò sójú ọ̀nà. Àwọn aláàárù á máa pariwo "àgò", àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ á máa pe Kẹ́tu, Ọ̀jọ́ta àti Ìkòròdú. Ṣùgbọ́n ibi téèyàn kò bá ti rí àyè jókòó, á kúkú rí àyè dúró. Ẹ wo ìlà àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì BRT nírọ̀lẹ́, fóònù ni púpọ̀ nínú wọn dojú kọ. Àwọn kan ń wo fíìmù, àwọn kan ń ka ìròyìn, àwọn mìíràn sì ń ta ayò chess pẹ̀lú ẹni tí wọn kò rí rí, tó lè wà ní Brazil tàbí Íńdíà.

Kò ṣòro láti dá atayò mọ̀ láàrin wọn. Ẹni tó ń wo fíìmù kì í pòṣé sí fóònù rẹ̀.

Ayò chess tí wọ́n ń ta lórí ẹ̀rọ ayélujára yìí kì í ṣe irú èyí tí àgbàlagbà méjì máa ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí jókòó tì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí márùn-ún ni wọ́n máa ń fún atayò kọ̀ọ̀kan láti fi ta odindi ayò kan, blitz ni wọ́n ń pè é. Èyí tó tún yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ń pè ní bullet, ìṣẹ́jú kan péré ni. Bí aago ẹni bá ti tán, ó ti fìdí rẹmi lọ́pọ̀ ìgbà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń borí lójú ọpọ́n. Láti ìgbà tí Chess.com ti bẹ̀rẹ̀ ní 2007, tí Lichess, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo èèyàn, sì tẹ̀ lé e ní 2010, kò tún sí pé èèyàn ń wá ẹni tí yóò bá òun ta ayò kiri àdúgbò mọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ta yọ lẹ́ẹ̀kan á ní kò burú. Bí wọ́n bá tún ta á yọ, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Nígbà tó bá fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò wo ojú ọpọ́n mọ́, ẹ̀san ló ń gbà. Àwọn atayò lágbàáyé ní orúkọ fún ipò yìí, tilt ni wọ́n ń pè é, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta káàdì ni wọ́n sì ti yá a.

Ẹ fi wé ayò ọlọ́pọ́n tiwa. Èébú wà nínú ayò yẹn ju ti chess lọ: ọ̀ta á bú ọ̀pẹ, àwọn tó ń wòran á bá a dá sí i, ọ̀pẹ náà á sì fún wọn lésì. Síbẹ̀, kì í sábà di ìjà. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu jáde kì í gbé inú jóná. Yàtọ̀ sí èyí, bí ayò kan bá parí, wọ́n gbọ́dọ̀ ka ọmọ ayò, kí wọ́n tó tún pín gbogbo ọmọ 48 padà sínú ihò 12, mẹ́rin mẹ́rin. Nínú ìṣẹ́jú kan tàbí méjì yẹn, ẹni tí wọ́n jẹ láyò á ti rẹ́rìn-ín, á ti mumi, ara rẹ̀ á ti balẹ̀. Orí fóònù, kò sí ọmọ ayò tí ẹnikẹ́ni ń pín. Bọ́tìnì kan ló wà níbẹ̀, bí èèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́, ọ̀tá mìíràn ti dé. Ìbínú ayò àná kò tíì lọ tí ti òní fi wọlé bá a.

Ohun kejì ni máàkì tí wọ́n máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ èèyàn. Arpad Elo, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ físíìsì ní Amẹ́ríkà, ló gbé irú ìṣirò yìí kalẹ̀, FIDE, àjọ tó ń ṣàkóso ayò chess lágbàáyé, sì gbà á wọlé ní 1970. Àwọn ìkànnì ayò lóde òní fi máàkì wá ẹni tí agbára rẹ̀ tó ti yín gẹ́lẹ́. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí ẹ bá ta 100 ayò, nǹkan bí ìdajì lẹ máa pàdánù. Bí ẹ bá wá mọ̀ ọ́n sí i, àwọn tó mọ̀ ọ́n sí i ni wọn óò kó wá bá yín, ìdajì náà lẹ óò sì tún máa pàdánù.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Bí èèyàn bá ta ogún ayò pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, tí a kò ka ọ̀mì mọ́ ọn, ìṣirò fi hàn pé nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú márùn-ún ni yóò pàdánù mẹ́ta léra wọn níbì kan nínú ogún náà. Kì í ṣe ọwọ́ ayé, kì í sì í ṣe pé ọpọlọ kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí nọ́ńbà ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ìyá tó ń ta tòmátì ní Mile 12 kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní èyí. Bí apẹ̀rẹ̀ kan bá ti ń rọ̀ nírọ̀lẹ́, á dín owó rẹ̀ kù, á tà á, á gba ilé lọ. Kì í yáwó ra apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta mìíràn lálẹ́ ọjọ́ náà torí kó lè rí owó ti àkọ́kọ́ gbà padà. Ohun tí atayò tó ń gbẹ̀san ń ṣe gan-an nìyẹn.

Kí èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó ti pinnu iye tó máa tó fún un. Ẹni tó bá pàdánù méjì léra wọn kó gbé fóònù sápò. Ìpinnu tí èèyàn ṣe nígbà tí inú rẹ̀ ti ń ru kì í ṣe ìpinnu.

Ti nẹ́tíwọ́kì kò ṣe é fẹnu sọ. Bí ó bá já láàrin èrò Mile 12, aago kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí èyí máa bí òun nínú kó yan ayò tó ń fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì kún aago lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 3+2. Kó fọwọ́ kan ọmọ ayò, kó tún fọwọ́ kan ibi tó ń lọ, dípò kó máa fà á káàkiri, torí ìka tó bá yọ̀ ti pa ayaba nìyẹn. Kó pa ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ̀rọ̀ síra wọn, torí èébú ẹni tí a kò rí yàtọ̀ sí ti ọ̀ta ẹ̀gbẹ́ ilé. Lórí Lichess, ààyè tún wà láti fi máàkì pamọ́ pátápátá.

Kì í ṣe àwa nìkan ni inú ń bí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ní Stavanger lórílẹ̀-èdè Norway, D. Gukesh, ọmọ ọdún 19 láti Íńdíà, na Magnus Carlsen, tó ti fìgbà kan gba ipò ọba ayò chess lágbàáyé. Carlsen fi ẹ̀ṣẹ́ gbá tábìlì débi pé àwọn ọmọ ayò fò sókè. Ó tọrọ àforíjì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ayò onísùúrù sì ni wọ́n ń ta lọ́jọ́ náà o, kì í ṣe oníṣẹ́jú mẹ́ta.

Ẹni tó yẹ kí àwọn ará Mile 12 wò kò jìnnà. Ìkòròdú, ní òpin ọ̀nà tó gba iwájú ọjà náà kọjá, ni Túndé Ọnàkọ̀yà ti kọ́ ayò chess, nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ní 2018 ló dá Chess in Slums Africa sílẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń fi ayò náà kọ́ àwọn ọmọ aláìní. Ní oṣù kẹrin 2024, ó ta ayò fún wákàtí 60 ní Times Square, New York. Ní 2025, òun àti Shawn Martinez, ọmọ Amẹ́ríkà, tún ta á fún wákàtí 64. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kò ta á láìsinmi: òfin irú ìdíje bẹ́ẹ̀ fún wọn ní ìsinmi ìṣẹ́jú márùn-ún fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó fẹ́ ta ayò fún ọjọ́ méjì ààbọ̀ bá ń sinmi, kí ni ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ń lé?

Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn tó láti padà wo ayò tí wọ́n jẹ èèyàn, torí gbogbo rẹ̀ ni ìkànnì máa ń tọ́jú. Ẹni tó bá wò ó á sábà rí i pé alátakò rẹ̀ kò gbọ́n ju òun lọ. Ẹṣin kan ló fi sílẹ̀ láìsí ẹ̀ṣọ́.

Bí bọ́ọ̀sì bá wá dé nígbà tí ayò kò tíì parí, ẹ fi ayò sílẹ̀, ẹ wọlé. Aago á tán lóòótọ́, máàkì díẹ̀ á lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pàdánù àyè rẹ̀ lórí ìlà Mile 12 nírọ̀lẹ́, kò sí bọ́tìnì kankan tí yóò tẹ̀ tí yóò gbé e padà síbẹ̀.