Asẹ́ Inú Ọpọlọ: Ìdí Tí A Fi Í Gbàgbé Ohun Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Gbọ́

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti sẹ́ ògì rí mọ iṣẹ́ asẹ́. Bí a bá da àgbàdo tí a lọ̀ sínú ìkòkò láìsẹ́ ẹ, èérí yóò gba àyè ògì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọpọlọ ènìyàn rí. Ohun tí ó lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà kò pọ̀. Bí ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Nítorí náà, ohun tí a sé mọ́ ìta ṣe pàtàkì bí ohun tí a gbà wọlé.

Ní ọdún 1953, Colin Cherry, amòye ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa ìdánwò kan. Ó mú kí ènìyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ní etí ọ̀tún, àti ọ̀rọ̀ mìíràn ní etí òsì, nígbà kan náà. Ó sì ní kí wọ́n máa wí ti etí kan tẹ̀lé e. Wọ́n wí i dáradára, ṣùgbọ́n wọn kò lè sọ ohun tí etí kejì gbọ́. Àní nígbà tí a yí èdè ibẹ̀ padà láti Gẹ̀ẹ́sì sí ti Jámánì, wọn kò fura.

Ní ọdún 2005, Edward Vogel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi àwòrán ọ̀pá pupa méjì àti ọ̀pá aláwọ̀ aró méjì han àwọn ènìyàn, wọ́n ní kí wọ́n fi ti pupa nìkan sọ́kàn. Wọ́n sì fi ẹ̀rọ ṣọ́ iṣẹ́ tí ọpọlọ wọn ń ṣe. Àwọn tí ó ní iyè nínú gba pupa méjì, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí iyè wọn kò tó bẹ́ẹ̀ gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kì í ṣe pé orí wọn ṣófo. Ẹrù tí a kò rán wọn ni wọ́n rù.

Ẹ wo ìyá tí ó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ń sọ fún un pé ìdajì ṣíbí ni, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún ọjọ́ márùn-ún. Fóònù rẹ̀ ń dún, ó ń dá aládùúgbò lóhùn, ó sì ń ro owó ọkọ̀. Nígbà tí ó délé, ṣé ìdajì ṣíbí ni, tàbí ṣíbí méjì? Bí oògùn bá kéré jù, àìsàn kò ní lọ. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè pa ọmọ lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àgbẹ̀ tí ó ń gba ìlànà bí a ti í po oògùn apakòkòrò.

Nítorí náà:

1. Kí a tó gbọ́ ọ̀rọ̀ pàtàkì, ẹ pa fóònù, ẹ dá ìtàkúrọ̀sọ dúró.

2. Ẹ tún ọ̀rọ̀ náà wí fún ẹni tí ó sọ ọ́.

3. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

4. Bí ọjọ́ orí ti ń pọ̀, asẹ́ yìí a máa gbó. Bí ẹ bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀, ẹ pa rédíò, kí ẹ sì sọ ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan.

Iṣẹ́ Màtá dára, ṣùgbọ́n Màríà tí ó jókòó ni ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá lé eku méjì, òfo ni yóò mú bọ̀.