Ẹsẹ̀ Mi Kan Ilẹ̀, Ẹ̀yìn Màmá Mi Kò Gbà Á

Èmi kò ga. Nígbà tí mo ra Bajaj Boxer àlòkù kan ní Àkúrẹ́, orí ìka ẹsẹ̀ ni mo fi ń dúró nígbàkúùgbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá wa dúró ní òpópónà Ọba Adésidà. Mẹkáníìkì kan ní kí n má ṣèyọnu. Ó yọ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì, ó fi èyí tí kò gùn tó wọn rọ́pò. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀ pátápátá, inú mi sì dùn bí ẹni tó rí owó he.

Ìdùnnú náà kò pẹ́. Oǹdó ni Màmá mi ń gbé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e sẹ́yìn láti wá ṣe àyẹ̀wò orúnkún ní Àkúrẹ́, kò sí kòtò tí a bọ́ sí tí kò ké "yéè!" Ní Bọ́lọ́rundúró, ó ní kí n dúró. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé alùpùpù lo gbé mi gùn ni àbí ọlọ?" Bọ́ọ̀sì ló wọ̀ parí ìrìnàjò náà.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nìyí. Ààyè tí ṣọ́ọ̀kì ní láti rì wọlé ni kò jẹ́ kí ìkọlù kòtò dé ara wa. Bí a bá gé ààyè náà kúrú, irin a tètè kan irin, ìyókù a sì gba eegun ẹ̀yìn kọjá. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ni ó ń jẹ ẹ́ jù, nítorí òun ló sún mọ́ táyà ẹ̀yìn. Kò tán síbẹ̀ o. Ìdí alùpùpù ti lọ sílẹ̀, orí rẹ̀ kò lọ, nítorí náà iná iwájú ń wo ojú ọ̀run lálẹ́. Ẹsẹ̀ irin tí a fi ń gbé e dúró pàápàá ti gùn jù fún un. Ó ń dúró ṣánṣán, ó sì ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì.

Àgbà mẹkáníìkì kan ní Yaba, Oǹdó, ló bá mi dá ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ padà. Lẹ́yìn náà ó rán mi sí àwọn tó ń rán ìjókòó ọkọ̀. Wọ́n gé fóòmù níwájú, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọn kò fọwọ́ kan àárín, kí ẹsẹ̀ mi lè sọ̀ kalẹ̀ tààrà. Mo ra bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn. Iwájú ẹsẹ̀ nìkan ló ń kan ilẹ̀ báyìí, ó sì tó.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni òrùka tó wà lára ṣọ́ọ̀kì, tí wọ́n gé bí àkàsọ̀. Bí mo bá dá wà, n ó yí i sísàlẹ̀. Bí Màmá bá wà lẹ́yìn, n ó yí i sókè. Mo ti rò pé ńṣe ló ń sọ sípíríǹgì di líle. Bẹ́ẹ̀ kọ́: ó ń gbé ìdí alùpùpù padà sókè lábẹ́ ẹrù ni, kí ààyè àtirì lè wà. Ní ti táyà, àwọn fọkanáísà wa a máa fẹ́ ẹ títí yóò fi le bí òkúta. Mo ń jẹ́ kí wọ́n fi gééjì wọ̀n ọ́n láàárọ̀, kó tó gbóná, mo sì ń tẹ̀ lé iye tó wà nínú ìwé alùpùpù náà.

Ní Sátidé tó kọjá, Màmá tún jókòó sẹ́yìn mi dé Àkúrẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ké. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ tẹ ìjókòó náà wò, ó ní ṣé n kò lè sọ fún wọn kí wọ́n fi kún fóòmù apá tòun.